Bí mo bá ní "ẹ ṣe tiyín," kíláàsì á pa lọ́lọ́

ÌBÉÈRÈ

Ọ̀sán Sátidé ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kóòdù, n'Ìbàdàn níbí. Àwọn mẹ́rìndínlógún ni, ọmọ ọdún mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá, kọ̀ǹpútà mẹ́jọ la ní. Scratch la fi bẹ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń to búlọ́ọ̀kù àṣẹ pọ̀; àwọn tó dàgbà díẹ̀ ti bọ́ sí Python, níbi tí wọ́n ti ń fọwọ́ tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Ohun tí mo bá ṣe lójú wọn, wọ́n á ṣe é. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo bá ní "Ó yá, ohun tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ ṣe lónìí," kẹ́kẹ́ á pa mọ́ wọn lẹ́nu. Àwọn kan á jókòó máa wo ológbò tó máa ń wà lójú Scratch bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Àwọn kan á ní géèmù bọ́ọ̀lù làwọn fẹ́ ṣe, tí gbogbo kílọ́ọ̀bù ilẹ̀ Yúróòpù á wà níbẹ̀. Nígbà tó bá fi di aago mẹ́rin, pápá aláwọ̀ ewé nìkan ni wọ́n á ti yà. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń fi kóòdù jẹun ní kí n máa gba ètò lọ́wọ́ wọn lórí ìwé kí wọ́n tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Òmíràn ní kí n fi wọ́n sílẹ̀, pé ètò ló ń pa ọmọdé láyọ̀. Ìyàwó mi ní kí n fún gbogbo wọn ní iṣẹ́ kan náà kí ọkàn mi balẹ̀. Èwo ni kí n ṣe?

* * *

ÌDÁHÙN

Ọ̀rọ̀ ìyàwó yín ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, torí mo ti ṣe é rí. Níbi kan tí mo ti ń kọ́ ọmọ, àwa olùkọ́ fún ọmọ méjìlá ní géèmù kan náà: eku ń wá ọ̀nà jáde láàárín ògiri, tó bá kan ògiri, á padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wọn ló parí ẹ̀. Inú wa dùn. Ọjọ́ ìfihàn pé, àwọn òbí wọlé, ìyá kan bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti tábìlì dé tábìlì. Ó wo méjèèjìlá, ó wá rọra bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èwo ni ti ọmọ mi níbẹ̀?" Kò bínú. Kò rí i ni. Mo yíjú sí ọmọ náà, òun alára ń wá orúkọ tá a lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn láptọ́ọ̀pù kó tó lè nawọ́ sí tiẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà.

Iṣẹ́ kan náà fún gbogbo ọmọ dáa lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń fi búlọ́ọ̀kù tuntun hàn wọ́n. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tí wọ́n dúró tì nídìí ààrò, tí wọ́n ń sọ fún un pé fi iyọ̀ sí i, ó tó, rò ó, kò tíì mọ ọbẹ̀ í sè. Ọjọ́ tó bá dá ọjà lọ, tó rí i pé tàtàṣé ti gbówó lórí, tó sì pinnu ohun tó máa fi dípò ẹ̀, ọjọ́ yẹn ló bẹ̀rẹ̀.

* * *

Ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti fèsì sí ìbéèrè yìí pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò ní ìrònú, pé fóònù ti bà wọ́n jẹ́. Mi ò gbà. Ẹ tún ka ìbéèrè yẹn. Ọmọ tó fẹ́ kó gbogbo kílọ́ọ̀bù Yúróòpù sínú géèmù kan, ṣé òun ni kò ní ìrònú? Ó ní in ní àníjù. Ibi tó máa ti dì í mú ni kò rí. Ẹni tó jókòó ti ológbò náà, ohun kan náà ló ń ṣe é: ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ tóbi, ó sì mọ̀ pé ọwọ́ òun ò tó o, ló ṣe dákẹ́.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń bi wọ́n báyìí: "Tí ẹnì kan bá tẹ àsíá aláwọ̀ ewé yẹn, kí ló máa kọ́kọ́ mira?" Àsíá yẹn ni wọ́n ń tẹ̀ nínú Scratch kí géèmù tó bẹ̀rẹ̀. Mi ò béèrè orúkọ géèmù. Mi ò béèrè ìpele mélòó ló máa ní. Ohun kan ṣá, kó mira, lónìí.

Ọmọbìnrin ọdún méjìlá kan wá bá mi pé òun fẹ́ ṣe Ìbàdàn. Ìbàdàn wo? Gbogbo ẹ̀: Challenge, Dùgbẹ̀, Mọ́kọ́lá, Ìwó Road, òjò, ọlọ́pàá, àwọn tó ń ta gúgúrú. Mo bi í ní ìbéèrè mi. Ó ronú títí, ó ní, "Micra, sà." Ó máa lọ síbo? "Sápá ọ̀tún." Ó ya àpótí kan, ó ki òbìrí méjì sábẹ́ ẹ̀, ó wá búlọ́ọ̀kù tó ń mú nǹkan rìn nígbà tí wọ́n bá tẹ ọfà ọ̀tún. Kò tó ogún ìṣẹ́jú, Micra ti ń lọ. Ojú pátákó Scratch fẹ̀ ní 480, ó ga ní 360, àárín gbùngbùn ni 0 wà. Láti -240 lápá òsì dé 240 lápá ọ̀tún, Ìbàdàn rẹ̀ ti di òpópónà kan ṣoṣo. Kò sunkún. Ó ń rẹ́rìn-ín torí ọkọ̀ òun ń lọ.

Lẹ́yìn náà ló fi èrò kan sẹ́bàá ọ̀nà. Tí Micra bá kan èrò, kí iye èrò fi ẹyọ kan lé sí i. Ó tẹ̀ ẹ́. Iye èrò fò láti 0 bọ́ sí 47, èrò ẹyọ kan péré! Ó ní kọ̀ǹpútà ti ya wèrè. Mi ò sọ ohun tó fà á fún un. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo ní èmi ni èrò, òun ni Micra, kó wá kàn mí. Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin... Ó ń wò mí. Mo dé mọ́kànlá kó tó pariwo pé, "Ẹ̀yin lẹ ò kúrò níbẹ̀!" Bẹ́ẹ̀ ni. Búlọ́ọ̀kù "forever," tó ń tún nǹkan ṣe láìdúró, ń yẹ̀ ẹ́ wò ní nǹkan bí ìgbà 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, gbogbo ìgbà tó bá sì yẹ̀ ẹ́ wò, Micra ṣì wà lára èrò. Ó lọ ṣe é kí èrò fò lọ sí ibùdókọ̀ mìíràn bí Micra bá ṣe kàn án. Ó tẹ̀ ẹ́, ó di 1. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó di 2.

Ọ̀rẹ́ ẹ̀ gbá géèmù náà ṣeré, ó ní kò dùn, pé èrò nìkan ló kàn ń gbé. Ó wá bi í pé, "Ṣéńjì wọn ńkọ́?" Ibẹ̀ ni géèmù yẹn ti di géèmù gan-an. Owó ọkọ̀ di ₦300. Èrò lè mú ₦500 wá, ó lè mú ₦1,000 wá, ìwọ dẹ́rẹ́bà ni wàá yan ṣéńjì. Tó o bá pẹ́, èrò á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo "Ṣéńjì mi dà?", ohùn àbúrò ẹ̀ ọkùnrin ló gbà sílẹ̀ fún un. Nígbà tó yá, ó so èrò méjì pọ̀ mọ́ ₦1,000 kan, bí àwọn dẹ́rẹ́bà ṣe máa ń ṣe fún wa lójoojúmọ́: wàá yọ ₦600, wàá pín ₦400 tó kù sí méjì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìjà. Ètò wo lórí ìwé ló máa ti rí ìyẹn tẹ́lẹ̀?

* * *

Ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ sọ́fítíwia fèsì sí mi. Ó ní ìwà jàgídíjàgan ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ, pé níbi iṣẹ́ àwọn, ẹni tí kò bá kọ ètò sílẹ̀ kì í fọwọ́ kan kóòdù, àti pé inú ìwé ni àṣìṣe ti ń rọrùn láti tún ṣe. Ó ní òótọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ibi tí mo bá a dé nìyí.

Ọmọkùnrin ọdún mẹ́rìnlá kan fẹ́ fi Python ṣe ayò ọlọ́pọ́n. Ó kọ ètò ojú ìwé mẹ́rin. Mo ka á, ó dára: orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù, àwòrán ọpọ́n, bí ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe máa bá ẹni tó wà l'Ọ́yọ̀ọ́ ta á, tábìlì àwọn ọ̀ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, kò kọ ìlà kan. Gbogbo ìgbà tó bá ṣí ìwé yẹn, ó ń rí ohun tí kò mọ̀ ọ́n ṣe. Mo ní kó pa á dé. Mo bi í pé ilé mélòó ló wà lójú ọpọ́n? Méjìlá. Ọmọ mélòó nínú ilé kọ̀ọ̀kan? Mẹ́rin. Nítorí náà:

ile = [4] * 12
print(ile)

Nọ́ńbà 4 méjìlá tò sójú kọ̀ǹpútà, ọmọ ayò 48. Ó ní, "Sà, ọpọ́n nìyí!" Ọpọ́n ni lóòótọ́.

Ó kọ bí ọwọ́ á ṣe máa fún ọmọ kọ̀ọ̀kan sínú ilé tó tẹ̀ lé e. Ó dáa títí ó fi ta ilé 9. Ọmọ kan bọ́ sí 10, ìkan bọ́ sí 11, kọ̀ǹpútà wá kọ "list index out of range" sí i, pé nọ́ńbà tó ń wá ò sí nínú àkójọ. Mo gbé ọpọ́n gidi wá, a fi ẹfun kọ nọ́ńbà sára ẹ̀, 0 dé 5 níwájú ẹ̀, 6 dé 11 níwájú ẹnìkejì, yí po. Mo ní kó ta ilé 9 kó máa wo ọwọ́ ara ẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ dé 11, ó ṣẹ́ kọ́nà fúnra ẹ̀, ó bọ́ sí 0, kò tiẹ̀ rò ó. Gbogbo ayé ẹ̀ ló ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ mọ̀ ọ́n, kóòdù ni kò tíì mọ̀ ọ́n. Ìgbà yẹn ni mo tó fi % 12 hàn án: pín nọ́ńbà ilé sí 12, kó o mú ohun tó ṣẹ́kù. Ilé 12 ò ṣẹ́ku nǹkan kan, 0 nìyẹn. Ilé 13 ṣẹ́ku 1.

Ibi tí ìwé ti wúlò nínú iṣẹ́ náà rèé. Òun àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Tí ilé kan bá ní ọmọ tó pọ̀ débi pé ọwọ́ á yí ọpọ́n po, ṣé kó sọ ọmọ kan sínú ilé tó ti kó wọn, àbí kó fò ó? Ọ̀kan ní bàbá bàbá òun máa ń fò ó. Èkejì ní irọ́ ni. Python ò lè dá ẹjọ́ yẹn. Mo ní kí wọ́n lọ bi àgbà nílé, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n kó òfin mẹ́ta dé: fífò ilé náà, jíjẹ nígbà tí ọmọ tó kẹ́yìn bá sọ ilé alátakò di méjì tàbí mẹ́ta, àti ohun tí wọ́n á ṣe bí ilé ẹnì kan bá gbẹ. Ètò tó wúlò nìyẹn: ohun tí èèyàn gbọ́dọ̀ pinnu kí ẹ̀rọ tó lè ṣe é.

Nítorí náà, ọ̀gá, mi ò ní kí wọ́n má kọ ètò. Mo ní kí nǹkan kan kọ́kọ́ rìn, kí ìwé tẹ̀ lé e. Ìdajì ojú ìwé tó. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ lónìí, ohun kan tó kàn, àti ohun tí mo fi sílẹ̀ ná. Ẹ má fojú kékeré wo ẹ̀kẹta yẹn. Ọmọ tó bá kọ "ọlọ́pàá, òjò, gúgúrú" síbẹ̀ mọ̀ pé wọn ò kú, wọ́n ń dúró de òun ni. Á lè gbàgbé wọn kó fojú sí Micra.

* * *

Olùkọ́ kan bèèrè bóyá kóun gbà kí ọmọ mú iṣẹ́ ẹlòmíràn tún ṣe, torí lójú tòun, olè ni. Kì í ṣe olè tí a bá sọ ẹni tó ni ín. Àwọn tó ṣe Scratch, ẹgbẹ́ Mitchel Resnick ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, tó gbé e jáde fún gbogbo ayé ní 2007, ọ̀dọ̀ àwọn DJ tó ń fọwọ́ fa rẹ́kọ́ọ̀dù ṣíwá ṣẹ́yìn ni wọ́n ti mú orúkọ náà. Àtúndá ti wà nínú ẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Tí ọmọ bá tún iṣẹ́ ẹlòmíràn ṣe lórí ìkànnì wọn, orúkọ ẹni àkọ́kọ́ á hàn níbẹ̀. Ṣáájú wọn, Seymour Papert, ọmọ ilẹ̀ South Africa, wà lára àwọn tó ṣe Logo, èdè kọ̀ǹpútà fún ọmọdé, ní 1967. Òun ló máa ń sọ pé kí irinṣẹ́ ọmọdé ní ilẹ̀ tó rẹlẹ̀ kó lè rọrùn wọ̀, kó sì ní àjà tó ga kó lè gbà á dàgbà. Resnick fi ògiri tó fẹ̀ kún un, pé ọ̀nà àtirìn níbẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ̀. Ògiri yẹn la máa ń gbàgbé ní kíláàsì wa. A ń sún ọmọ sókè láti búlọ́ọ̀kù sí Python, a ò fi í sílẹ̀ kó yà sí ẹ̀gbẹ́.

Fún ẹni tó ń wo ológbò: mo máa ń fún un ní géèmù tí mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe tí kò dáa. Ọkọ̀ ń falẹ̀, ohùn ń dunni létí, èèyàn ò lè borí. Mo ní, "Gbá a, kó o sọ ohun tó bí ẹ nínú." Ọmọ tí kò ní èrò kì í ṣàì ní ẹ̀sùn. Tó bá ti ní "Ó ń falẹ̀ jù," mo ní kó wá nọ́ńbà tó ń fà á, kó yí i padà. Ohun tó kọ́kọ́ mira nìyẹn. Kó yí nǹkan mẹ́ta padà, kó tó fi ọjọ́ náà ṣú, géèmù yẹn kì í jọ tèmi mọ́.

* * *

Lórí ọmọ mẹ́rìndínlógún àti kọ̀ǹpútà mẹ́jọ: méjì méjì ni, àìtó kọ́. Ẹni kan di máàsì kọ̀ǹpútà mú, ẹnìkejì di ìwé àti pẹ́ńsùlù mú, ó ń sọ ohun tó kàn. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí wọ́n pààrọ̀. Ẹ fi aago fóònù yín sí i, kí wọ́n má baà fi ẹjọ́ pa yín.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má fọwọ́ kan máàsì yẹn. Mo ti gba máàsì lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan rí, búlọ́ọ̀kù méjì péré ló kù kí géèmù ẹ̀ ṣiṣẹ́, àkókò ń lọ, mo ní kí n ràn án lọ́wọ́. Mo fà á, mo jù ú síbi tó yẹ, ó ṣiṣẹ́. Mo ṣọpẹ́. Sátidé kejì, ó ṣí fáìlì tuntun. Mo bi í pé tọ̀sẹ̀ tó kọjá ńkọ́? Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ parí ẹ̀, sà." Kò fi ṣe àfojúdi, bó ṣe rí lójú ẹ̀ nìyẹn, kò sì padà sídìí géèmù náà mọ́. Láti ìgbà yẹn, ẹ̀yìn mi ni mo máa ń kó ọwọ́ sí tí mo bá ń rìn láàárín wọn.

Iná ńkọ́? Ẹ gba Scratch tí wọ́n ń fi sórí kọ̀ǹpútà sílẹ̀, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ bá ti fi sí i tán. Bí nǹkan kan bá ti ṣiṣẹ́, kí wọ́n tọ́jú ẹ̀ lórúkọ tuntun: micra1, micra2, micra3. Tí iná bá lọ tàbí tí wọ́n bá ba micra4 jẹ́, micra3 wà ńbẹ̀. Ọmọ tó mọ̀ pé òun lè padà sẹ́yìn kì í bẹ̀rù àtidán nǹkan wò.

* * *

Àwọn kan ní kí ló ń dà mí láàmú, pé ChatGPT, ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè, máa kọ odindi ayò fún ọmọ kí omi tó hó. Ó máa kọ ọ́. Ọmọ kan gbé irú ẹ̀ wá fún mi, ó ń ṣiṣẹ́ gan-an ni. Mo wò ó, ilé mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀, méjì ńlá wà lórí ìkángun méjèèjì tí wọ́n ń kó ọmọ sí. Kalah nìyẹn, èyí tí wọ́n ń ta ní Amẹ́ríkà. Kì í ṣe ayò tí ọmọ yẹn ń bá bàbá ẹ̀ ta nílé, òun fúnra ẹ̀ ò sì kíyè sí i, torí kò pinnu òfin kankan kó tó béèrè. Àwọn tó lọ bi àgbà ì bá mú un lójú ẹsẹ̀.

Mi ò ní kí wọ́n má lò ó. Ọmọ tó ti ní ohun tó ń rìn, tó kan "list index out of range," tó sì bi í pé kí ni ọ̀rọ̀ yìí túmọ̀ sí, ó ń kọ́ ẹ̀kọ́. Ẹni tó ní kó bá òun ṣe gbogbo ẹ̀, ọjọ́ ìfihàn eku la tún padà sí yẹn.

* * *

ẸNI TÓ BÉÈRÈ: Mo dán an wò ní Sátidé. Mo bi wọ́n ní ohun tó máa kọ́kọ́ mira. Ẹni bọ́ọ̀lù ṣe bọ́ọ̀lù kan àti góòlù kan, ó sì ń ṣiṣẹ́, kò rántí Yúróòpù mọ́. Àwọn mẹ́tàlá ló ní nǹkan tó ń rìn. Ọmọkùnrin kan ò ṣe nǹkan kan. Mo fún un ní géèmù tí kò dáa, ó ní kò bí òun nínú, pé géèmù ò wu òun rárá. Ó kàn ń fi ìka lu tábìlì títí a fi ṣíwọ́.

* * *

Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ padà wá sọ ọ́. Ìbéèrè mi ni kò bá ọmọ yẹn mu. Mo ti bi ọ̀pọ̀ ọmọ pé kí ló máa mira, ó sì ti mọ́ mi lára débi pé mi ò rántí pé kì í ṣe gbogbo ohun tó dáa ló ń mira. Ẹ bi òun pé kí ló máa kọ́kọ́ dún.

Bí màá ṣe ṣe é nìyí. Kó lu tábìlì yẹn lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ gbà á sílẹ̀ nínú Scratch, ibi ohùn ni bọ́tìnnì ìgbóhùnsílẹ̀ wà. Ohùn kan yẹn tó. Kó mú bọ́tìnnì mẹ́ta lórí kíbọ́ọ̀dù, kó fi búlọ́ọ̀kù "pitch" mú ohùn náà wálẹ̀ fún àkọ́kọ́, kó fi ìkejì sílẹ̀ bó ṣe wà, kó gbé ìkẹta sókè. Dò, re, mí. Lẹ́yìn náà, ẹ má sọ nǹkan kan fún un mọ́ ju pé kó wò ó bóyá ó lè fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pe orúkọ ẹnì kan ní kíláàsì, bí gángan ṣe ń pè é, kí ẹni náà sì bojú wẹ̀yìn láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni lanu.